Mo fẹ́ kí apá àti àyà mi kún, mi ò fẹ́ kí ikùn mi yọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Wẹ́dà Ìbàdàn: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún 24 ni mí, iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Kílò 61 ni mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí jímù, mo ti di 68 báyìí. Àmọ́ ikùn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń kún, apá mi ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Búrẹ́dì àti tíì ni mò ń jẹ láàárọ̀, ìrẹsì lọ́sàn-án, ẹ̀bà àti ẹ̀gúsí lálẹ́. Tí mo bá fẹ́ sùn, màá po mọ́ọ̀tì mọ́ mílíìkì, torí wọ́n ní ìyẹn ló ń mú èèyàn sanra. Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní kí n ra oògùn kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oògùn kiri, pé kíá ni màá kún. Ṣé kí n lò ó?

Kóòṣì: Àbúrò, kú iṣẹ́ o. Ẹnu lè yára jẹun, ara ò lè yára kọ́ iṣan. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn èyí tí ara ná, ọ̀rá ló ń dà, ikùn ló sì sábà máa ń lọ lára àwa ọkùnrin. Kọ́kọ́ fi mọ́ọ̀tì alẹ́ yẹn sílẹ̀, ṣúgà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Má febi pa ara rẹ o! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé irin lè ní iṣan láìjẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ ga sí i, torí náà dúró sórí 68 yẹn ná. Tí ikùn bá ti wálẹ̀, wá fi nǹkan bíi 200 sí 300 kálórì (òṣùwọ̀n agbára tó wà nínú oúnjẹ) kún oúnjẹ òòjọ́ rẹ. Kò pọ̀ rárá: ṣíbí ńlá òróró kan ṣoṣo ti tó 120. Tí ìwọ̀n rẹ bá ń fi kílò kan ga sí i lóṣù, ó ti tó ọ. Irin wo lò ń gbé?

Wẹ́dà Ìbàdàn: Ẹ ṣé gan-an, sà. Àyà àti apá ni mò ń ṣe lójoojúmọ́. Irin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé.

Kóòṣì: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí irin ò bá wúwo sí i, kí ni iṣan fẹ́ tìtorí ẹ̀ dàgbà? Ṣe squat (gbé irin léjìká, lóṣòó, kí o dìde), deadlift (gbé irin nílẹ̀ títí o fi nàró), bench press (fẹ̀yìn lélẹ̀, kí o ti irin sókè) àti pull-up (rọ̀ mọ́ irin, kí o fa ara rẹ sókè), kí gbogbo ara ṣiṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mú irin tí o lè gbé nígbà 8, kó jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí apá kọ̀. Ọjọ́ tí o bá gbé e dé 12, fi kílò 2.5 kún un. Máa kọ ọ́ sínú ìwé. Kí o sì máa sùn tó wákàtí 7, ó kéré tán.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kó máa ṣe sit-up (kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó máa dìde jókòó) 100 lálaalẹ́, ikùn yẹn á wọlé.

Kóòṣì: Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Sit-up ń mú iṣan ikùn le, kì í yọ ọ̀rá tó bò ó. A ò lè yan ibi tí ọ̀rá yóò ti kọ́kọ́ kúrò.

Nọ́ọ̀sì: Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ Ọlọ́run, má fọwọ́ kan oògùn yẹn. Dexamethasone ni wọ́n sábà máa ń tà fún irú èyí. Ojú àti ikùn ló ń wú, ó ń jẹ iṣan run, ó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wá. Ẹni tó bá ti ń lò ó tipẹ́ ò tún gbọdọ̀ ṣàdéédéé dá a dúró, àfi kó rí dókítà. Èkejì tí wọ́n ń tà ni cyproheptadine. Ó ń mú ebi pa èèyàn, ó sì ń kunni lóorun. Ìwọ tó ń jó irin, tí iná wà lọ́wọ́ rẹ, ṣé o fẹ́ máa tòògbé lẹ́nu iṣẹ́?

Wẹ́dà Ìbàdàn: Áà, ẹ ṣé mà. Mi ò ní rà á mọ́. Àmọ́ ẹran àti ẹyin ti wọ́n jù, kí ni kí n máa jẹ?

Ìyá Olóúnjẹ: Ọmọ mi, purotéènì, èròjà oúnjẹ tó ń kọ́ iṣan, ni oúnjẹ rẹ ò ní tó. Ẹni tó wọn 68 tó sì ń gbé irin nílò nǹkan bí gíráàmù 110 lóòjọ́. Búrẹ́dì àti tíì ò lè gbé ọ débẹ̀. Ẹyin kan ní 6, nítorí náà mẹ́ta láàárọ̀ dára tí owó bá gbà. Tí kò bá gbà, ẹ̀wà ni o. Gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ kó tó jinná ní ju 20 lọ, sóyà tún pọ̀ jù ú lọ. Se mọ́ínmọ́ín, kí o fi ẹja títù sí i. Mi ò ní kí o máa jẹ àkàrà lójoojúmọ́, torí epo tó ń mu. Jẹ bẹ́ńsìkẹ́ (wàrà sóyà) náà, ṣùgbọ́n má dín in rì sínú òróró. Má pa ẹ̀bà tì. Dín òkèlè kù, kí o bu ẹ̀fọ́ àti ẹja sí i.

Kóòṣì: Ìyá ti sọ ọ́. Láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí o tó jẹun, fi tépù wọn ikùn àti apá rẹ. Tí ikùn bá ń pọ̀ tí apá ò sì kúrò lójú kan, dín ìrẹsì kù, má dín ẹja kù.