"Òdòdólá" kọ́ ló yẹ kí á fi rọ́pò Sùsánà

Òkun o, ẹ̀yin ará wa ní ilẹ̀ Òkun, Ìpínlẹ̀ Kogi. Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ìjùmú dábàá pé kí àwọn tó fẹ́ sọ ọmọbìnrin ní Sùsánà máa sọ ọ́ ní "Òdòdólá". Mo mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Èdè Hébérù ni Sùsánà, òdòdó lílì ló ń jẹ́, ó sì wà nínú Lúùkù 8:3. Ó wù mí kí á ní tiwa, ṣùgbọ́n Òdòdólá yìí ò ṣeé gbé fún ọmọ.

"Bá ọlá" ló di Bọ́lá. Fáwẹ̀lì tó wà nínú "bá" wọlẹ̀, ọ ti ọlá dúró, ohùn òkè bọ́ sórí rẹ̀. "Fi ọlá" di Fọlá, kò ní àmì lórí ọ torí ohùn àárín ni fi ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni òdòdó àti ọlá yóò ṣe di Òdòdọ́lá. Ẹni tó kọ -ólá ti pa ọlá. Kí ni wọ́n ń pè ní "olá"?

Ká tiẹ̀ tún un kọ, fọ́ọ̀mù ilé ìwé kì í gba àmì. Ododola ni wọ́n máa kọ síbẹ̀, olùkọ́ á sì pè é ní Òdodọlá, torí òdodo ni etí gbogbo wa ń gbọ́ lójoojúmọ́. Orúkọ rere ni, àmọ́ òdòdó ti lọ.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé òdòdó kì í ṣe ti orí igi nìkan. Ẹ wo Àìsáyà 1:18, ẹ̀ṣẹ̀ tó rí bí òdòdó: pupa fòò ni wọ́n ń wí níbẹ̀. Ní Bùnú, aṣọ pupa kì í ṣe ohun àmúṣeré. Òwú pupa tí wọ́n tú lára aṣọ òkèèrè ni àwọn àgbà ayé àtijọ́ fi hun aṣọ ìpò, èyí tí wọ́n lò níbi ìsìnkú ìjòyè àti fún eégún. Ṣé ẹ fẹ́ kí ìyá àgbà Bùnú gbọ́ òdòdó níbi ìsọmọlórúkọ, kí ó rántí aṣọ ìsìnkú, kí ó máa wò wá?

Ọlátanná ni mo fara mọ́. Igi tó bá yọ òdòdó, a ní ó tanná. Gbólóhùn sì ni púpọ̀ nínú orúkọ wa: Adéwálé, Ayọ̀délé. Arábìnrin wa láti Yàgbà ní wọ́n á kà á sí "ọlá tán ná". Rárá o. Ta ló ń sọ ọmọ ní ọlá tán? Etí máa ń yàgò fún burúkú nínú orúkọ. Òdodo àti òdòdó ló le yà sọ́tọ̀, torí rere ni méjèèjì.

Ẹni tó dá orúkọ Ìtànnádé (ìtànná, ìyẹn òdòdó, àti adé) sílẹ̀ ńkọ́? "Tà ọjà" di tajà, ó di ìtajà, kì í ṣe ìtàjà. "Tàn iná" di tanná, ìtanná ló yẹ kí ó bí. Mo mọ̀ pé ìwé ń kọ ìtànná. Kí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ orí tàn yẹn ti wá, kí á tó gbé adé lé e.