Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ tó kàn ń wòran, tí kì í fọwọ́ kan iṣẹ́

Okun o, ẹ̀yin ará. Kàbà ní Ìpínlẹ̀ Kogi ni mo wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, ló wá lo họ́lídè lọ́dọ̀ mi, TikTok ló ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó kàn ń fi àtàǹpàkò ti fídíò sókè ni, ọ̀kan ò tíì tán òmíì ti dé, torí wọ́n ṣe é kó má lópin ni. Mi ò kórìíra fóònù o.

Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyí. Lọ́jọ́sí ó ń fi fídíò aṣọ híhun hàn mí, inú ẹ̀ ń dùn, bẹ́ẹ̀ ará Bùnú nítòsí Kàbà níbí ni màmá wa, ahunṣọ ni wọ́n, òfì tí wọ́n fi ń hunṣọ ṣì wà lóòró lára ògiri, òwú pupa ṣì wà lórí ẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń fi hun aṣọ ìpò láyé àtijọ́, ìyẹn aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn àgbà pàtàkì. Mo ní kó lọ jókòó ti màmá, ìṣẹ́jú 10 ó ti padà, ó ní ó ń pẹ́ jù.

Mo gba fóònù lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ 3 ni ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ẹnì kan wá ní kí n jẹ́ kó máa ya màmá ní fídíò lẹ́nu iṣẹ́, kó máa gbé e síta fúnra ẹ̀. Ó wù mí, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ di iye èèyàn tó wò ó nìkan láá máa kà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ irú ẹ̀, kí lẹ ṣe tó fi fọwọ́ kan iṣẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, họ́lídè ku ọ̀sẹ̀ 3.