Ìdààmú ayé àti iṣẹ́ ọnà

Ìbéèrè (Àkúrẹ́): Ẹ̀yin àgbà, ọdún 10 ni mo fi ya káàdì ìgbéyàwó nítòsí Ọjà Ọba, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, àwòrán tí oníbàárà kankan kò bẹ̀ mí níṣẹ́ rẹ̀ ni ọwọ́ mi ń fẹ́ yà. Ṣé kí n tẹ̀ lé e?

Èsì (Oǹdó): Ẹ kú àráfẹ́rakù, ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún Matisse, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, ní 1941, tí ara kò gbé ìdúró pípẹ́ mọ́, àlùmọ́gàjí ni ó fi ń gé bébà aláwọ̀, iṣẹ́ náà sì di olókìkí.

Èsì (Àkúrẹ́): Ẹ má ti ṣọ́ọ̀bù o, nítorí owó oúnjẹ.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣeun. Àjẹkù bébà káàdì kún ilé. N ó gé e lálẹ́ òní.