Ṣé mindfulness yìí yàtọ̀ sí kéèyàn kàn jókòó gbatẹ́gùn ni?

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Táńsíọ̀n mi, ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn, lọ sókè lóṣù tó kọjá, dókítà fún mi lóògùn, ó ní kí n máa sinmi dáadáa. Àbúrò mi tó wà ní Faransé gbọ́, ló bá fi nǹkan kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp, mindfulness ló pè é, ohùn obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ pé kí n jókòó kí n máa kíyè sí èémí mi bó ṣe ń wọlé bó ṣe ń jáde. Mo ṣe é lọ́jọ́ mẹ́ta. Ká sòótọ́, ńṣe ni inú ń bí mi, gbogbo gbèsè táwọn oníbàárà jẹ mí ní ọjà Wàńdó ló ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí mo bá lọ jókòó sétí ọ̀sà nírọ̀lẹ́, tí mò ń jẹ ẹ̀pà mi, tí atẹ́gùn ń fẹ́, ara mi á balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, mi ò ní rántí gbèsè kankan. Kí ló wá yàtọ̀ níbẹ̀? Èwo ni kí n máa ṣe?

Ọmọ Alákétu:
Ìyá Ìbejì, ẹ má dá wọn lóhùn. Ìsinmi náà ni wọ́n sọ lórúkọ tuntun tí wọ́n ń tà. Àwọn bàbá wa ní Kétu tó ń ta ayò lábẹ́ igi látọ̀sán dalẹ́, ta ló kọ́ wọn ní meditéṣọ̀n? Ẹ jẹ ẹ̀pà yín jàre 😂

Olùkọ́ Kékeré:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, kì í ṣe ohun kan náà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí n tó ṣe ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ 8 yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Jon Kabat-Zinn, bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ nílé ìwé ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts lọ́dún 1979. Àwọn tí ìrora wọn ò lọ bọ̀rọ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́. Kò ṣèlérí fún wọn pé ìrora náà á lọ o, bí wọ́n á ṣe máa wò ó láìbá a wọ̀jà ló kọ́ wọn.

Ìsinmi níbi tó ń lọ: kí iṣan dẹ̀, kí àyà má sáré. Dókítà Edmund Jacobson ti wà tipẹ́ tó ní kéèyàn fún iṣan pọ̀ kó tún tú u sílẹ̀, Herbert Benson ti Harvard náà kọ̀wé lé ìfarabalẹ̀ lọ́dún 1975. Téèyàn bá ṣe tiwọn tí ara ò dẹ̀, kò tíì jẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mindfulness yìí, tẹ́ ẹ bá jókòó tẹ́ ẹ rí i pé èjìká yín le bí igi, pé inú ń bí yín, ẹ ti ṣe é! Rírí yẹn gan-an niṣẹ́ ibẹ̀. Ara máa ń balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà míì lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ìyá, ẹ̀yin lẹ ń tajà, èènì nìyẹn, kì í ṣe ọjà tẹ́ ẹ wá rà.

Ohun tó tún ń dà wá láàmú ni pé a ń pè é ní àṣàrò, àṣàrò tiwa sì ni kéèyàn ro ọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò. Èyí kọ́. Gbèsè yọjú, ẹ ní "gbèsè rèé", ẹ padà sídìí èémí, ó tún yọjú, ẹ tún padà. Mo kà á rí, ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún láàárín ìṣẹ́jú 10.

Ọmọ Òkè Sábẹ̀ẹ́:
Zem, ọ̀kadà akérò, ni mò ń wà, ó yé mi. Ẹni tó bá sinmi lórí alùpùpù, inú kòtò ló máa bá ara ẹ̀ 😅 Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni mí, ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn Búdà ni?

Olùkọ́ Kékeré:
Ibẹ̀ ló ti wá, sati ni wọ́n ń pè é lédè Páálì. Èyí táwọn dókítà ń kọ́ni kò ní àdúrà, kò ní òrìṣà, èémí yín náà ni.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́:
Wọ́n ti fi méjèèjì wéra rí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà, oṣù kan ni wọ́n fi ṣe é, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2007. Ìdààmú dín kù lára àwọn tó ń sinmi àtàwọn tó ń ṣe mindfulness, àmọ́ ti ká máa ro ọ̀rọ̀ kan ṣáá láìsinmi, ọ̀dọ̀ àwọn mindfulness ló ti dín kù jù. Nítorí náà Ìyá, ẹ má pa etí ọ̀sà yẹn tì, ẹ ṣe méjèèjì. Tó bá sì jẹ́ nǹkan burúkú tójú yín ti rí rí ló ń padà wá nígbà tẹ́ ẹ dijú, ẹ lajú, ẹ dìde, kì í ṣe dandan. Oògùn táńsíọ̀n ńkọ́? Ẹ ò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ o!

Ọmọ Alákétu:
Hmm. Bàbá tó ń ta ayò náà kúkú gbọ́dọ̀ fọkàn sí ọpọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á nà án. Mo gbọ́.

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo tún ṣe é láàárọ̀ yìí, ìṣẹ́jú 5. Gbèsè mẹ́rin ló yọjú, ọ̀kan nínú wọn mo ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá láti ọdún tó kọjá. Mo ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀, mò ń lọ gbowó mi.

Olùkọ́ Kékeré:
Ìyá, ìyẹn kọ́ 😂😂