Pupa àlàárì di àwọ̀ ọsàn nínú fídíò raw mi: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ọ̀gá nínú iṣẹ́ fídíò, mo kí yín o. Fídíò ìgbéyàwó kan ni mo ń tò lọ́wọ́ nínú DaVinci Resolve, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to fídíò; raw (fídíò tí kámẹ́rà kò tíì tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe) ni mo fi yà á, nítorí mo fẹ́ kí àlàárì tí ìyàwó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ hàn gẹ́lẹ́ bí ojú ṣe rí i. Mo ti yí i sí Rec.709, ìlànà àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n HD, mo sì fi white balance (ìtò tó ń mú kí funfun hàn ní funfun lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó wà) sí 5600 K, èyí tó bá oòrùn ìta mu dáadáa. Inú gbọ̀ngàn ni wàhálà wà, níbi tí iná LED àti ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti dàpọ̀: pupa náà di àwọ̀ ọsàn, bí mo bá sì tún un ṣe, ojú ìyàwó a fà sí àwọ̀ ewé. Lánàá, mo tẹ́ ìpèlé àlàárì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, mo ń wo fọ́nrán òwú rẹ̀ mọ́ àwòrán, wọn kò jọra rárá. N kò ya páálí aláwọ̀ eérú tí a fi ń díwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì dùn mí. Ṣé kí n kọ́kọ́ tún àwọ̀ ara ṣe, kí n tó ya aṣọ sọ́tọ̀, àbí kí n padà lọ ya páálí lábẹ́ iná gbọ̀ngàn yẹn?