Báǹkì ti àkáǹtì mi pa nítorí owó àjọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì (Peckham, London): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Èmi ni mò ń gba owó àjọ wa jọ. Àwa 12 ni, £250 lóṣooṣù. Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo wọn san tiwọn láàárín wákàtí méjì, mo sì fi £3,000 ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn láti kó o. Mo dé Rye Lane láti ra iṣu, káàdì ò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo dá iṣu padà síbi tí mo ti gbé e, níṣojú gbogbo èèyàn. Mo pe báǹkì, wọ́n ní àwọn ò lè sọ ìdí. Owó oṣù mi wà níbẹ̀, rẹ́ǹtì sì ń bọ̀ l'Ọ́jọ́rú.

Bàbá Ẹniọlá: Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ọdún 9 rèé tí mo ti ń bá báǹkì ṣọ́ jìbìtì níbí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àṣẹ la máa ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà: bí owó bá ti ju iye báyìí lọ, kó ké sí wa. Ní báyìí AI ló wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ìwà àkáǹtì ló sì ń kọ́. Ó mọ aago tí ẹ máa ń náwó, fóònù tí ẹ fi ń wọlé, àwọn tó máa ń fowó ránṣẹ́ sí yín. Owó kéékèèké láti ọ̀dọ̀ èèyàn púpọ̀, tó tún jáde lójú ẹsẹ̀: bí àkáǹtì tí àwọn gbájúẹ̀ ń yá lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé àjọ ni.

Ẹ̀rù owó tiwọn náà ń ba àwọn báǹkì. Láti ọjọ́ 7, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, bí wọ́n bá fi jìbìtì gbowó lọ́wọ́ èèyàn, báǹkì tó fi owó ránṣẹ́ àti èyí tó gbà á ni wọ́n jọ ń dá a padà ní ìdajì-ìdajì, ó lè tó £85,000.

Ẹni tó gbé fóònù, ẹ má bínú sí i. Bí báǹkì bá ti fi ọ̀rọ̀ kan tó National Crime Agency létí, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn ńlá, òfin owó ìwà ọ̀daràn ti ọdún 2002 lè mú un bó bá là á fún yín.

Ẹ kọ̀wé sí wọn lónìí, kì í ṣe fóònù. Ẹ sọ pé ẹjọ́ lẹ ń fi sùn, kí èèyàn yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ so ìwé àjọ mọ́ ọn, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ́ǹtì. Bí ọ̀sẹ̀ 8 bá kọjá láìsí ìdáhùn tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gba ọ̀dọ̀ Financial Ombudsman lọ, àwọn tó ń dá sí ẹjọ́ láàárín báǹkì àti oníbàárà. Ọ̀fẹ́ ni.

Àbíkẹ́ (Manchester): Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún béèrè lọ́wọ́ Cifas, àwọn tó ń tọ́jú orúkọ àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n lu jìbìtì, tí báǹkì sì ń yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀. Àmì wọn lè wà níbẹ̀ fún ọdún 6, ó sì lè mú kó ṣòro kí báǹkì ṣí àkáǹtì fún yín. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ láti sọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn fún yín.

Ìyá Ìbejì: Wọ́n ti ṣí i o! Mo ya fọ́tò ìwé tí mò ń kọ orúkọ àti ọjọ́ ìkójọ sí láti 2019, mo fi ránṣẹ́. Obìnrin kan pè mí, ó béèrè bí àjọ ṣe ń lọ, mo ṣàlàyé fún un.

Bàbá Ẹniọlá: A dúpẹ́. Ẹ wá àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún àjọ, kí ẹ sì sọ ohun tó wà fún fún báǹkì kí owó tó wọ̀ ọ́. Kí gbogbo yín máa san án ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, kí kálukú kọ AJO sí i. Bí ẹ̀rọ bá ti rí i léraléra, á mọ̀ ọ́n mọ́ yín.