Ṣé kí n ra lísìtì ímeèlì tí wọ́n fẹ́ tà fún mi yìí?

Ìyá Aláró: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Àwọn ará Èkó àtàwọn ọmọ wa tó bá wálé láti òkè òkun ló ń rà lọ́wọ́ mi jù. Bí wọ́n bá ti sanwó, mo máa ń ní kí wọ́n kọ ímeèlì wọn sínú ìwé kan, ó sì ti lé ní 600 báyìí. Bí ọjà tuntun bá dé, màá kó adẹ́rẹ́sì wọn sínú BCC ní Gmail, níbi tí ẹnì kan ò ti ní rí adẹ́rẹ́sì ẹnì kejì, màá so fọ́tò mẹ́jọ mẹ́sàn-án mọ́ ọn, ó di ọ̀dọ̀ wọn. Mo máa ń pín in sí ọjọ́ méjì ni, torí Gmail kì í jẹ́ kó ju 500 lọ lóòjọ́. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń dáhùn. Ní báyìí, kẹ́kẹ́ pa. Oníbàárà kan ní inú spam, ibi tí wọ́n ń kó lẹ́tà ìdàmú sí, lòun ti bá tèmi. Ọmọkùnrin kan wá ní òun ní lísìtì 20,000 ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé London àti Houston, 45,000 náírà lòun fẹ́ gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n rà á?

Tísà Kọ̀ǹpútà: Màmá, ẹ má dán an wò. Ẹni tí kò mọ̀ yín rí tí ẹ ṣàdédé kọ̀wé sí, bọ́tìnnì spam ni yóò tẹ̀. Google ò sì fẹ́ kí àwọn tó ń tẹ bọ́tìnnì yẹn tó 3 nínú 1,000. Bó bá ti tó bẹ́ẹ̀, lẹ́tà tí ẹ kọ sí oníbàárà yín gidi náà kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ká tilẹ̀ ní gbogbo adẹ́rẹ́sì inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, èyí tí n kò gbà gbọ́, ta ló fún ọmọkùnrin yẹn láṣẹ láti tà wọ́n? Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo dátà èèyàn láti 2023. Ní Britain ńkọ́, òfin wọn gbà kí ẹ kọ̀wé nípa irú ọjà kan náà sí ẹni tó ti rajà lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá ti fún un láyè láti kọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gba adẹ́rẹ́sì rẹ̀, tí ẹ sì ń fún un láyè náà nínú gbogbo lẹ́tà. Àwọn 600 yín yẹn ni ọjà wà.

Jọ̀wọ́lọ́jà: Ta ló tún ń ka ímeèlì láyé ìsinyìí? WhatsApp ni kí ẹ gbájú mọ́, Màmá.

Tísà Kọ̀ǹpútà: Ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ nìkan ni broadcast WhatsApp, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ o. Ẹni tó rajà lẹ́ẹ̀kan tó padà sí Houston, ṣé ó fi nọ́ńbà yín pamọ́? Ẹ lo méjèèjì.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń gbé yín lọ sí spam. Ẹ fi BCC sílẹ̀. Ẹ gba domain tiyín, ìyẹn orúkọ tiyín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó máa wà lẹ́yìn @ nínú ímeèlì yín, kí ẹ sì máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti ibi tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, bíi Brevo, MailerLite tàbí Mailchimp. Wọn yóò ní kí ẹ fi ohun mẹ́ta sórí domain náà. SPF ni orúkọ àwọn tí ẹ gbà láyè láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórúkọ yín. DKIM ni òǹtẹ̀ tó ń fi hàn pé ẹnikẹ́ni ò yí lẹ́tà náà padà lójú ọ̀nà. DMARC ló ń sọ fún Gmail ohun tí kó ṣe sí lẹ́tà tí méjèèjì ò bá bá mu. Láti February 2024 ni Google àti Yahoo ti le mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń fi 5,000 ránṣẹ́ lóòjọ́ ni wọ́n fi dandan mú jù, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n kò ní lò ju wákàtí kan lọ.

Àdùkẹ́ Peckham: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Èmi ni irú oníbàárà tí ẹ ń wí, ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi. Lẹ́tà tó bá ní fọ́tò mẹ́sàn-án tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, mo ń pa á rẹ́ ni. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya, mi ò mọ èyí tó jẹ́ oníko tí wọ́n fi iko dì, mi ò mọ iye tí n óò san kó tó dé London. Aṣọ kan nínú lẹ́tà kan. Kí àkọlé rẹ̀ jẹ́ orúkọ àrà aṣọ náà àti iye tó kù: “Ìbàdàndùn, yáàdì 5, mẹ́rin péré ló kù.” Nínú rẹ̀, ẹ sọ pé iyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ya ẹ̀kọ sára rẹ̀, ẹ sọ iye rẹ̀ àti owó ìfiránṣẹ́, ẹ fi fọ́tò kan tó súnmọ́ dáadáa sí i kí n rí ojú aṣọ. Ó tán.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ńkọ́? Ẹ kọ̀wé sí i bó ṣe máa tọ́jú rẹ̀: kó dá a fọ̀, nínú omi tútù, kó sá a síbi tí oòrùn ò ti pa á. Èmi gan-an ì bá ti tọ́jú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ pamọ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ní ẹ ní òmíràn, n óò ṣí i.

Ìyá Aláró: Ẹ ṣé gan-an, ọmọ mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n kà á?

Tísà Kọ̀ǹpútà: Àwọn ibi tí mo dárúkọ yẹn yóò fi iye ẹni tó ṣí i hàn yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́ jù. Láti 2021 ni Apple ti ń ṣí àwòrán inú lẹ́tà fúnra rẹ̀ nínú áàpù Mail lórí iPhone àwọn tó bá tan ààbò àṣírí rẹ̀, á wá dà bí ẹni pé wọ́n ti ṣí lẹ́tà náà, ẹni náà sì lè má tíì fojú kàn án. Ẹni tó dáhùn àti ẹni tó rà ni kí ẹ kà. Àwọn tí ẹ ò gbúròó wọn láti ọdún kan, ẹ kọ lẹ́tà kan péré sí wọn pé ṣé wọ́n ṣì fẹ́ máa gbọ́ tiyín. Ẹni tí kò bá fèsì, ẹ yọ ọ́.

Ìyá Aláró: Mo ti ní kí ọmọkùnrin yẹn máa lọ. Ṣé .com ni kí n gbà, àbí .com.ng?

Tísà Kọ̀ǹpútà: Èyíkéyìí. Orúkọ tí ẹ lè pè lórí fóònù kí ẹni tó wà ní Houston kọ ọ́ sílẹ̀ láìṣì í ni kí ẹ mú.